Agbọ̀n Búlúù àti Agbọ̀n Yẹ́lò

"Ẹ má dà á síbẹ̀, Dona Ermelinda. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n."

Ermelinda dúró pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Ó ku díẹ̀ kí ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ihò tí àgékù ń gbà lọ sí yàrá ìlọ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni Constança, ọmọ ọ̀gá, tó kàwé nípa ẹ̀rọ ní Porto, tí bàbá rẹ̀ sì ti ń fa ilé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún Àjíǹde tó kọjá. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Ó mú ìwé dání, ó fi bírò há etí.

"Àgékù náà ni, Injinia," ni Ermelinda wí. "Àgékù tí wọ́n máa lọ̀. Kí lèèyàn ń wọn àgékù fún?"

"Torí pé kíkà nìkan la ti ń kà á, ẹnikẹ́ni ò tíì wọ̀n ọ́n rí."

Odete, tí òun àti Ermelinda ti jọ ń jókòó sídìí tábìlì kan náà láti ọdún méjìlélógún, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ rọra o! Tó bá dọ̀la, wọ́n á wọn atẹ́gùn tí à ń mí símú. Wọ́n á ní èmi Odete ni mò ń mí jù."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Constança náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò nídìí òṣùwọ̀n. Ermelinda gbé garawa náà lé e. Òun kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, nítorí ó mọ ohun tó wà nínú garawa náà, ó sì mọ ẹni tó gé e.

Ní Lourosa, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Porto, èèpo igi kọ́ọ̀kì ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé. Ìhà gúúsù ni èèpo náà ti ń wá. Wọ́n á sè é, wọ́n á là á sí ègé gígùn, lẹ́yìn náà ló kan àwọn agékọ́ọ̀kì. Agékọ́ọ̀kì á fọwọ́ di ègé èèpo mú, á fẹsẹ̀ tẹ irin, ọ̀bẹ oníhò á yọ síta, á sì gé kọ́ọ̀kì kan, èyí tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò wáìnì, bọ́ sínú agbọ̀n. Iṣẹ́ ojú ni ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ. Ara èèpo kì í ṣàì ní ihò kéékèèké àti ibi tí kòkòrò ti jẹ. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á yí ègé náà síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ọ̀bẹ má bàa gba ibẹ̀ kọjá. Tí agbọ̀n bá kún, ó di ọ̀dọ̀ Ermelinda àti Odete. Èyí tó dán á lọ síwájú, èyí tó ní ihò á di àgékù.

Àwọn ará Lourosa a máa yangàn pé kọ́ọ̀kì dà bí ẹlẹ́dẹ̀: láti etí dé ìrù, kò sí ohun tí à ń dànù nínú rẹ̀. Àgékù, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi àtè pò ó, á di pátákó ìtẹ́lẹ̀ ilé. Eruku rẹ̀, wọ́n á fi dáná lábẹ́ ìkòkò. Bàbá wọn àgbà sọ bẹ́ẹ̀, bàbá wọn sọ bẹ́ẹ̀, àwọn náà sì ń sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ náà fi dí wọn lójú. Ọjọ́ tí Constança kọ́kọ́ kó wọn jọ, ó sọ fún wọn pé ẹ̀kúnwọ́ kọ́ọ̀kì gidi kan ń mú èrè wọlé ju àpò àgékù kan lọ. "Ẹ ní ẹ ò da nǹkan nù," ló wí. "Ẹ̀ ń fi ẹran itan se ọṣẹ ni."

Wọ́n fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín náà dín kù nígbà tó gbé pátákó funfun kọ́ ara ògiri, tó sì fún agékọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ní agbọ̀n tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, kí ó lè mọ ibi tí òfò ti ń wá gan-an. Láràárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, á kó wọn jọ síwájú pátákó yẹn, á mú ọ̀rọ̀ kan, á sì máa bi wọ́n pé kí ló dé, kí ló dé, títí á fi di ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Wọ́n kọ́ ọ níléèwé pé ìdáhùn àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Injinia Kí-ló-dé.

Agbọ̀n búlúù ni ti Germano, ọkọ Ermelinda, tó ti ń gé kọ́ọ̀kì láti ọdún méjìdínlógójì. Agbọ̀n yẹ́lò ni ti Wanderson, ọkùnrin ará Brazil kan tó wọṣẹ́ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn.

"Kílò mẹ́sàn-án," ni Constança wí. "Àárọ̀ nìkan nìyí o. Agbọ̀n wo ló ti wá?"

"Yẹ́lò."

"Yẹ́lò náà ni." Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ọjọ́ Ẹtì yìí ni ìwé iṣẹ́ Wanderson ń parí. Bàbá mi ní bó bá rí báyìí, a ò ní tún un ṣe. Inú mi ò dùn sí i, Dona Ermelinda. Mo ti bi í léèrè títí, òun náà ò mọ̀dí."

Irọ́ ni yẹ́lò tí Ermelinda pè. Nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn ló kọ́kọ́ rí kọ́ọ̀kì oníhò mélòó kan nínú iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ó sì rò pé èèpo ọjọ́ yẹn ni kò dáa. Mélòó kan di ẹ̀kúnwọ́, ẹ̀kúnwọ́ di garawa. Ojú Germano ti ń ṣókùnkùn. Àṣà ló fi ń gé kọ́ọ̀kì, kò rí ihò mọ́. Ermelinda ń kó èyí tó bàjẹ́ sínú àgékù, kò sẹ́ni tó ń wọ̀n ọ́n, kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tí agbọ̀n aláwọ̀ dé, ibi ìsápamọ́ tán. Ọwọ́ rẹ̀ wá kọ́ iṣẹ́ mìíràn: èyí tó dáa nínú yẹ́lò á bọ́ sínú búlúù, èyí tó ní ihò nínú búlúù á bọ́ sínú yẹ́lò. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré lòun máa fi ṣe é, kí òun fi wá ọgbọ́n kan dá. Ọ̀sẹ̀ kan ti di mẹ́ta.

Germano fúnra rẹ̀ ò mọ nǹkan kan. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà burú jù nìyẹn.

"Ọwọ́ rẹ ti wá yá jù o, Ermelinda," ni Odete wí nígbà tí Constança ti lọ tán. Kò wo ojú rẹ̀.

"Iṣẹ́ ló pọ̀."

"Iṣẹ́ pọ̀ lóòótọ́. Èwo lo ń ṣe nínú ẹ̀ ni mi ò mọ̀."

Ermelinda fa agbọ̀n mìíràn mọ́ra.

Ní Ọjọ́rú, lásìkò tí wọ́n jáde lọ mu kọfí, Wanderson wá bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà ga, ó rù, ó sì máa ń ṣí fìlà rẹ̀ kí ó tó bá àgbà sọ̀rọ̀.

"Dona Ermelinda, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín ní nǹkan kan."

"Sọ ọ́, mò ń gbọ́."

"Ẹ ti pẹ́ níbí. Ẹ wá dúró tì mí díẹ̀, kí ẹ wo ọwọ́ mi. Ohun tí mò ń ṣe tí ò dáa, ẹ sọ ọ́ fún mi, ẹ má fi bò. Mi ò ní bínú. Oṣù tó ń bọ̀ ni Rosiane ìyàwó mi máa bímọ. Tí iṣẹ́ yìí bá bọ́, ìwé ìgbélùú wa náà wọ wàhálà nìyẹn."

"O ò ṣe bi Germano? Òun ni ọ̀gá nídìí ẹ̀rọ."

"Mo bi wọ́n." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Senhor Germano ní kí n padà sílé lọ máa gé ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Kò rí ọ̀nà tó máa gbà kọ̀. Ó tẹ̀ lé e. Wanderson jókòó, ó mú ègé èèpo kan, ó kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò wọ́ ọ láti ìpìlẹ̀ dé ìparí kí ó tó tẹ irin. Ibi tí ihò wà, á dúró, á yí i, á fo ibẹ̀ kọjá. Kọ́ọ̀kì sún mọ́ kọ́ọ̀kì, kò fi àyè ṣòfò láàárín wọn. Ermelinda bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú agbọ̀n yẹ́lò, ó mú ìkejì, ó mú tó mẹ́wàá. Gbogbo wọn ló ń dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́. Láàárín gbogbo ọdún tó ti fi ń yẹ kọ́ọ̀kì wò, ìwọ̀nba èèyàn ló ti rí tí ọwọ́ wọn mọ́ tó báyìí.

"Kí lẹ rí?" Wanderson gbójú sókè wò ó, ó ń retí.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn o, àgbà náà gan-an ló sì ń wọ́ orí ọmọ.

"Ò ń yára jù," ni Ermelinda wí. "Máa falẹ̀ díẹ̀."

"Ẹ ṣé gan-an, Dona Ermelinda. Ọlọ́run á san án fún yín."

Wanderson sì falẹ̀. Láti ìgbà náà títí wọ́n fi ṣíwọ́, ó ń rọra gé kọ́ọ̀kì bí ẹni tí ń gbẹ́ ère, iye tó wà nínú agbọ̀n rẹ̀ sì tún wá sílẹ̀ sí i. Ermelinda lọ sí ilé ìtọ̀, ó bu omi tútù sójú, ó sì dúró síbẹ̀ títí Odete fi wá kan ilẹ̀kùn.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, òun àti Germano jókòó sídìí oúnjẹ. Ọbẹ̀ kábéèjì àti ọ̀dùnkún ló sè, pẹ̀lú búrẹ́dì àgbàdo. Germano na ọwọ́ sí ife rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi ìka wá ẹnu ife náà kí ó tó da wáìnì sí i. Ó rò pé ìyàwó òun ò rí i.

"Mo gbọ́ pé ọ̀la ni wọ́n ń lé ọmọ Brazil yẹn," ló wí. "Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Kọ́ọ̀kì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ́ lóṣù mẹ́fà. Ṣé o rí pátákó wọn? Búlúù ló wà lókè pátápátá. Ọdún méjìdínlógójì! Kí Injinia Kí-ló-dé lọ kọ ìyẹn sínú ìwé rẹ̀."

"Germano, jẹ́ kí wọ́n bá ẹ wo ojú ẹ."

"Kí ló ṣe ojú mi?"

"Lọ́jọ́ Ìsinmi o bọ́ fìlà fún òpó iná. O ní, 'Ẹ káàárọ̀, Fadá.'"

"Oòrùn ló wọ̀ mí lójú." Ó já búrẹ́dì sínú ọbẹ̀. "Àti àwọn gílóòbù tuntun tí ọmọbìnrin yẹn so síbi iṣẹ́. Ó ní òun ń dín òfò iná kù. Inú òkùnkùn ló fi wá sí."

"Kì í ṣe gílóòbù, Germano."

"Obìnrin yìí, jẹ́ kí n jẹun! Bí ojú mi bá ti bàjẹ́, ṣé agbọ̀n mi á máa dáa tó bẹ́ẹ̀? Ìwọ fúnra ẹ lò ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yá, sọ fún mi. Báwo ni kọ́ọ̀kì mi ti rí?"

Ó gbójú sókè, ó ń wo ibi tó rò pé ojú ìyàwó rẹ̀ wà. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ermelinda mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí òun sọ, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà á wó ọkùnrin yìí lulẹ̀ nídìí tábìlì rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ogún ọdún ló ti fẹ́ràn rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo agídí yìí.

"Ó dáa," ló wí.

"Ẹn-ẹ́n!" ni Germano wí, ó sì jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán. Ermelinda ti àwo tirẹ̀ sẹ́yìn.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, gbogbo wọn pé síwájú pátákó. Senhor Abílio, bàbá Constança, wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó jókòó lórí àpótí kan. Kò sábà wá mọ́. Wíwá tó wá ló jẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ìwé iṣẹ́ Wanderson ni wọ́n fẹ́ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wanderson wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Germano dúró lẹ́bàá ẹ̀rọ rẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà.

Constança fa ìlà sórí pátákó. "Àgékù inú agbọ̀n yẹ́lò fi ìlọ́po mẹ́ta ju ti àwọn yòókù lọ. Kí ló dé?"

"Kọ́ọ̀kì rẹ̀ ní ihò," ni Odete dáhùn.

Constança kọ ọ́. "Kí ló dé tó fi ní ihò?"

Wanderson ló wá fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Torí pé ọ̀bẹ gba ojú ihò kọjá."

"Kí ló dé tí ọ̀bẹ fi ń gba ibẹ̀?"

"Ẹ gbọ́, Injinia, mi ò mọ̀." Ó ṣí fìlà rẹ̀. "Mò ń rí ihò náà. Mò ń fò ó. Dona Ermelinda ní kí n falẹ̀, mo falẹ̀. Mo búra fún yín, nígbà tó fi ń kúrò lọ́wọ́ mi, kì í rí bẹ́ẹ̀."

Germano fi imú rẹ́rìn-ín. "Àwọn àǹjọ̀nú ló ń dá a lu lójú ọ̀nà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Constança kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró pẹ̀lú bírò pátákó lọ́wọ́, ó ń ronú. "Tó bá kúrò lọ́wọ́ ẹ, ibo ló ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ Dona Ermelinda."

Gbogbo ojú yí sí Ermelinda. Odete rọra fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ kan ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ermelinda kò sì mọ̀ bóyá kó dákẹ́ ló ń sọ fún un, tàbí kó sọ̀rọ̀.

"Dona Ermelinda," ni Constança wí, "kí ló dé tí kọ́ọ̀kì fi ń yàtọ̀ lẹ́yìn tó bá dé ọ̀dọ̀ yín?"

Irọ́ kan ti wà nílẹ̀ fún un. Ó ti tò ó ní òru: kó sọ pé èèpo tí wọ́n ń gbé fún Wanderson ló jẹ́ èyí tó burú jù, pé bí wọ́n bá fún un ní èyí tó dáa, á sàn. Irọ́ náà dára. Ó lè ra oṣù mẹ́ta fún Wanderson, ó sì lè fi Germano síbi tó wà. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ó wá rí ọwọ́ Wanderson. Ọkùnrin náà ti kó méjèèjì pa mọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé tí wọ́n fẹ́ nà.

"Mò ń pààrọ̀ wọn ni," ló wí.

"Ẹ̀ ń ṣe kí ni?"

"Èyí tó dáa nínú yẹ́lò, mò ń kó o sínú búlúù. Èyí tó ní ihò nínú búlúù, mò ń kó o sínú yẹ́lò. Láti ọjọ́ tí ẹ ti kó agbọ̀n wọ̀nyẹn dé. Ọwọ́ ọmọkùnrin yìí ò ní àbùkù kankan. Mo wò ó fúnra mi lọ́jọ́rú. Mo wò ó, mo sì parọ́ fún un."

Wọ́n ń gbọ́ bí omi ṣe ń hó nínú ìkòkò èèpo lẹ́yìn ilé.

"Kí ló dé?" ni Constança béèrè. Kò wo pátákó mọ́. Ó rọra béèrè rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń bi ìyá.

"Ermelinda, ara ẹ ò yá ni?" ni Germano wí. "Kí ni gbogbo ohun tí ò ń sọ yìí?"

Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. Bí ó bá máa sọ ọ́, òun ló yẹ kó kọ ojú sí. "Ojú ẹ ti ń lọ, Germano. Ó ti tó ọdún méjì. O ò rí ihò mọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Mi ò fẹ́ kí ìwọ gan-an mọ̀."

Germano bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí agbọ̀n búlúù, níbi tí iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ àná wà tí ìyàwó rẹ̀ kò tíì fọwọ́ kàn. Ó mú kọ́ọ̀kì kan, ó gbé e sún mọ́ imú, ó sì fi àtàǹpàkò yí i ká. Ìka rẹ̀ rì sínú ihò. Ó mú òmíràn. Ó mú ìkẹta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń dá wọn padà, kò ju èyíkéyìí. Lẹ́yìn náà ó tú épúróònù rẹ̀, ó fi kọ́ ara ẹ̀rọ, ó sì rìn jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ń fara kan ògiri títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wọn ló rí i pé ó ń fọwọ́ wá ọ̀nà.

"Mo falẹ̀," ni Wanderson wí. Ermelinda ló ń bá wí. "Ẹ ní kí n falẹ̀, mo sì falẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rò pé ọwọ́ mi ti bàjẹ́. Alaalẹ́ ni Rosiane ń fi òróró pa á fún mi."

"Foríjì mí, ọmọ mi."

"Ẹ má pè mí ní ọmọ yín." Ó dé fìlà rẹ̀. "Bóyá nígbà tó bá yá. Kì í ṣe òní."

Constança gbé bírò sókè síbi ìlà karùn-ún, ó sì dúró. "Wọ́n kọ́ wa pé ìdáhùn karùn-ún ò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ èèyàn," ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe tàbí tí kò ṣe ló gbọdọ̀ jẹ́."

Senhor Abílio fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Lọ́dọọdún ni dókítà ojú máa ń wá síbí tẹ́lẹ̀," ni bàbá arúgbó náà wí. "Èmi ni mo ní kó má wá mọ́. Mo ní kò sẹ́ni tó ń fọ́jú níbí, pé a kàn ń fi owó ṣòfò ni. Kọ ìyẹn síbẹ̀."

Constança kọ ọ́ síbẹ̀.

Wọ́n tún ìwé Wanderson ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ náà, fún ọdún kan gbáko. Wọ́n ní kí Ermelinda lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì láìgbowó, tó bá sì padà, kì í ṣe ìdí tábìlì yẹn ni wọ́n máa fi í sí. Kò bá wọn jiyàn. Odete tẹ̀ lé e dé ìdí ọkọ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì rí àwàdà kankan ṣe.

Germano ò bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Kò bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Abẹ́ igi àjàrà lẹ́yìn ilé ló ń jókòó sí, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹun. Ermelinda á gbé abọ́ lọ, á padà wá gbé òfìfo. Nígbà tí wọ́n lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wọṣọ, ó dúró dè é, Germano ò dìde. Òun nìkan ló lọ. Àwọn èèyàn kí i bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Nínú ọkọ̀ nígbà tó ń padà bọ̀, ó sunkún, ó sì bínú: ó bínú sí Germano nítorí agídí rẹ̀, ó bínú sí ara rẹ̀ pé fún ọdún méjì gbáko, òun ń fi ìfẹ́ bo nǹkan tí ì bá ti gba ìwòsàn.

Ní ọjọ́ Ajé, bí wọ́n ti ń fọn fèrè ilé iṣẹ́ lókèèrè, ó dúró nílé ìdáná, kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Germano wọlé. Ó ti fárùngbọ̀n, ó sì ṣá ara rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. Ó gbé fóònù sórí tábìlì síwájú rẹ̀.

"Bá mi wá nọ́ńbà ilé ìwòsàn," ló wí.

"Ó wà nínú ẹ̀. Èmi ni mo fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, òun ló wà lókè pátápátá."

"Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀." Ó tì í sún mọ́ ìyàwó rẹ̀. "Mi ò rí i, Ermelinda. Mi ò rí i."

Ermelinda nu ọwọ́ mọ́ ìdí aṣọ. Ó mú fóònù náà, ó wá nọ́ńbà, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ti gbé e dé etí ara rẹ̀ bí ó ṣe máa ń ṣe fún un nínú ohun gbogbo. Nígbà tí obìnrin kan sọ pé hẹ́lò lódìkejì, ó yọ ọ́ kúrò létí, ó fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fà sẹ́yìn kí Germano lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.